Ilé-iṣẹ́ Ńlá Kò Dọ̀bálẹ̀ fún Mi

Wọ́n ní àgbà kì í di kùnrùngbùn. Mo ti ṣàkíyèsí pé ẹni tó ṣẹ èèyàn ló máa ń kọ́kọ́ rántí ọ̀rọ̀ yẹn. Èmi di kùnrùngbùn ní tèmi, mo sì dì í dáadáa. Nísinsìnyí tí ọ̀rọ̀ náà ti já sí ayọ̀ fún mi, mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ kí àwọn tó fi mí rẹ́rìn-ín ní Calgary, ní Canada níbí, lè fi ojú ara wọn kà á.

Ìgbà tí owó epo rọ̀bì já lulẹ̀ ni. Ẹni tó bá wà ní ìlú yìí nígbà náà mọ bí ó ṣe rí. Àwọn ilé gíga àárín ìlú ń ṣófo ní àjà dé àjà. Nínú train, ẹ ó rí àgbàlagbà ọkùnrin tó wọ kóòtù dáadáa, tó gbé páálí lé itan, tí fọ́tò àwọn ọmọ rẹ̀ àti ife tíì rẹ̀ wà nínú páálí náà, kò sì ní wo ojú ẹnikẹ́ni. Èmi náà gbé páálí tèmi. Ìmọ̀ ìṣirò ni mo kà ní yunifásítì nílé, mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì wá fi iyókù agbára mi kọ software fún ilé-iṣẹ́ epo kan níbí. Ọ̀gá tó dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́ kéré sí àbíkẹ́yìn mi. Ó ní mo lè máa sinmi báyìí, kí n máa bá àwọn ọmọ-ọmọ mi ṣeré. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo lọ sílé, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ software tèmi.

Nǹkan kékeré ni. Àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké kan wà tí wọ́n ń fi ọkọ̀ ńlá gbé omi lọ sí ìdí kànga epo, tí wọ́n sì ń kó ìdọ̀tí kúrò níbẹ̀. Software mi ló ń sọ fún wọn pé dírẹ́bà wo ni kó lọ sí kànga wo, ọkọ̀ wo ló tó tún ṣe, ọ̀nà wo ni snow ti dí. Owó táṣẹ́rẹ́ ni mo ń gbà lórí rẹ̀. Nítorí náà, bí ọ̀dá owó ṣe ń mú sí i, bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníbàárà mi ń pọ̀ sí i. Inú basement, àjà abẹ́ ilẹ̀ ilé ọmọbìnrin mi ní àdúgbò Redstone, ni mo ti ń ṣe gbogbo rẹ̀.

Ṣùgbọ́n gbogbo àwọn oníbàárà yẹn, inú software ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ń tọ́jú àkọsílẹ̀ wọn sí: orúkọ òṣìṣẹ́, ọkọ̀, kànga, owó oṣù, gbogbo rẹ̀. N kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà, ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní Ilé-iṣẹ́ Ńlá. Ẹni tí kò bá lo tiwọn kò lè bá àwọn elépo ṣòwò, torí ibẹ̀ ni àwọn elépo fúnra wọn wà. Software mi gbọ́dọ̀ gba ẹnu ọ̀nà wọn wọlé, kó ka ohun tó wà nínú àkọsílẹ̀, kó tó lè ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Fún ìgbà pípẹ́, ẹnu ọ̀nà náà ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé.

Nígbà tí mo jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin, a gbé ilé kan tí onílé ń ta kẹrosíìnì nínú yàrá iwájú. Kò sẹ́ni tó bínú sí i nítorí pé ó ń tà á. Ṣùgbọ́n ó di ọjọ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ti géètì mọ́ ọmọbìnrin tó máa ń ru kẹrosíìnì wá tà láti òde, ó ní òun lòun nilé, òun lòun ni géètì. Ọjọ́ yẹn ló yé mi pé ọ̀tọ̀ ni kí èèyàn tóbi, ọ̀tọ̀ ni kí ó fi títóbi rẹ̀ dínà mọ́ ẹlòmíràn. Òfin ilẹ̀ Canada náà mọ ìyàtọ̀ yẹn. Kí òfin tó lè dá sí i, ẹnì kan gbọ́dọ̀ lọ fi hàn án. Èmi ni ẹni náà.

Kí n tó dé ibẹ̀, mo ní láti sọ̀rọ̀ àbúrò mi kan. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ mi. Ọmọ ìlú wa ni, àǹtí ló sì ń pè mí. Nígbà tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, yàrá kejì inú basement wa ni wọ́n wọ̀ sí. Kò ríṣẹ́. Ibi tó bá lọ, wọ́n á ní àwọn fẹ́ ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ní Canada rí. Mo ní kó wá bá mi ṣiṣẹ́. Mo fi gbogbo ikùn software mi hàn án, títí kan bí ó ṣe ń gba ẹnu ọ̀nà Ilé-iṣẹ́ Ńlá kọjá. Nígbà tí Ilé-iṣẹ́ Ńlá pè é fún iṣẹ́, èmi ni wọ́n pè lórí fóònù láti bèèrè irú èèyàn tó jẹ́. Mo yìn ín débi pé ẹnu mi gbẹ. Ìyàwó rẹ̀ ríṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní hospital ńlá tó wà ní Sunridge, wọ́n ra ilé sí Okotoks, wọ́n sì kó lọ. Ọdún Kérésìmesì àkọ́kọ́, wọ́n wá kí mi. Èkejì, wọ́n pè. Lẹ́yìn ìyẹn, n kò gbúròó wọn mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni òyìnbó kan tó ni ọkọ̀ omi, ẹni tó ti ń lo software mi láti ìbẹ̀rẹ̀, pè mí.

"Ma'am," ó ní, "your thing is going to eat my records."

Mo wa mọ́tò lọ sí ọgbà ọkọ̀ rẹ̀. Lóòótọ́ ni. Ilé-iṣẹ́ Ńlá ti ṣe update, àtúnṣe tuntun sí software wọn, bí òyìnbó náà sì ṣe ṣí software mi, ìkìlọ̀ pupa kan bo ojú kọ̀ǹpútà. Ó ní software yìí kò ṣeé fọkàn tán, pé ó lè ba àkọsílẹ̀ jẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Ilé-iṣẹ́ Ńlá gbé irú software tèmi jáde, wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tó bá buwọ́ lùwé pé òun kò ní lo ti ẹlòmíràn mọ́. Lásìkò tí ebi ń pa ìlú, ta ni yóò kọ ọ̀fẹ́? Àwọn oníbàárà mi bẹ̀rẹ̀ sí í já kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan bí ewé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Mo yẹ software mi wò láti orí dé ẹsẹ̀, n kò rí àléébù. Mo kọ̀wé sí Ilé-iṣẹ́ Ńlá, wọ́n ní nítorí ààbò àwọn oníbàárà ni. Mo pe àbúrò mi.

"Àǹtí, ẹ má bínú," ó ní, "ọ̀rọ̀ yẹn ju agbára mi lọ. Different department ni."

Ó parọ́. N kò tíì ní ẹ̀rí nígbà náà, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ̀.

Bí ìkìlọ̀ pupa yẹn bá dúró, software mi ti kú nìyẹn, ó sì ti di òótọ́ pé kí n lọ máa bá ọmọ-ọmọ ṣeré. Mo lọ fẹjọ́ sun ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí i pé oníṣòwò kan kò fi agbára lé àwọn yòókù kúrò lọ́jà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé etí àwọn èèyàn wa, wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Obìnrin kan ní ìjọ wa sọ pé mo fẹ́ fi abẹ́rẹ́ pa erin. Òmíràn ní àwa tí a wá gbé ilẹ̀ onílẹ̀, PR, ìwé ìgbélùú, ni ká máa wá, kì í ṣe ẹjọ́. Ọmọbìnrin mi fúnra rẹ̀ jókòó tì mí, ó sì sọ ọ́ ní èdè òyìnbó kó lè dùn mí dáadáa:

"Mummy, these people have lawyers. You have a basement."

"Basement yẹn náà, tìẹ ni," mo dá a lóhùn. "Ṣé kí n kó jáde ni?"

Ó gba inú kíṣìnì lọ.

Àwọn olùwádìí ìjọba gbọ́ mi dáadáa, n kò ní parọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣòro ni pé Ilé-iṣẹ́ Ńlá ní àwọn rí ewu nínú software mi lóòótọ́. Àwọn olùwádìí bèèrè àkọsílẹ̀ nípa ètò ààbò wọn, wọ́n sì dà á fún wọn bí ẹni da yanrìn, kò sí abẹ́rẹ́ nínú rẹ̀. Kí wọ́n tó lè bèèrè ohun tó ṣe pàtàkì gan-an, wọ́n gbọ́dọ̀ mọ ohun tí wọ́n ń wá. Èmi náà kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ náà dúró sójú kan, àwọn oníbàárà mi sì ń lọ.

Ìgbà náà ni àwọn ọ̀gá Ilé-iṣẹ́ Ńlá ṣe àṣìṣe tó gbà mí là. Wọ́n gbọ́ pé ọmọ ìlú kan náà ni èmi àti àbúrò mi. Wọ́n ní kó lọ bá mi mu kọfí, kó rọra rọ̀ mí kí n fa ẹ̀sùn mi padà. Wọn kò mọ̀ pé láàárín tiwa, ẹni tó ṣẹ àgbà kì í dá lọ bá a mu kọfí. Àgbà ni yóò kó lẹ́yìn. Àwọn àgbà náà kò sì ní bá a bẹ ẹnikẹ́ni tí kò bá kọ́kọ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ṣe.

Ọ̀sán Sátidé kan ni. Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo rí Alhaji, tíṣà jọ́gíráfì tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni tí gbogbo ọmọ Yorùbá apá ọ̀dọ̀ wa máa ń pè tí tọkọtaya bá ń jà. Ìyá Ìjọ wa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àbúrò mi dúró sẹ́yìn wọn, ó gbé páálí ọsàn dání. Kí n tó sọ̀rọ̀, ó ti gbé ọsàn kalẹ̀, ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín àwọn bàtà tí snow ń yọ́ lára wọn.

"Dìde, bọ́ sórí kápẹ́ẹ̀tì," ni Alhaji wí. "Òtútù á pa ẹ́, a ò sì tíì bẹ̀rẹ̀."

A jókòó. Mo gbé omi fún àwọn àgbà méjèèjì. N kò gbé fún un.

"Ìyá," ni Alhaji bẹ̀rẹ̀, "ẹ̀bẹ̀ la wá bẹ̀. Ọmọ yín ló kó wa wá."

"Kí ló ṣe?" mo bèèrè.

Alhaji yíjú sí i. "Wọ́n ní kí lo ṣe."

"Àǹtí, ohunkóhun tó bá dùn yín, ẹ dákun, ẹ má bínú. Misunderstanding lásán ni."

Ìyá Ìjọ gbé ife omi rẹ̀ kalẹ̀. "Ìwọ tó o ní kí n fi ẹ̀wà mi sílẹ̀ lórí iná lọ́jọ́ Sátidé, o ò mọ ohun tó o ṣe? Ṣé kí n máa lọ síbi ẹ̀wà mi ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n, mà. Ó kàn complicated díẹ̀ ni."

"Agbẹ̀bí ni mí nílé. Mo ti gba ọmọ tó fẹsẹ̀ wá nínú òkùnkùn. Sọ tìẹ."

"A kì í báni tọrọ àforíjì ẹ̀ṣẹ̀ tí kò lórúkọ," Alhaji tẹ̀ lé e. "Dárúkọ ẹ̀, ká lè mọ bí a ó ṣe tẹríba tó."

Kápẹ́ẹ̀tì ni àbúrò mi ń wò bó ṣe ń sọ̀rọ̀.

"Ìkìlọ̀ pupa yẹn, èmi ni mo kọ ọ́. Ọ̀gá mi ní kí n fi í sínú update. Kò yẹ nǹkan kan wò nínú software Àǹtí. Orúkọ rẹ̀ ló ń wá. Tó bá ti rí orúkọ yẹn, ó máa jáde."

"Dúró ná," ni Alhaji wí. "Ṣé kò rí àìsàn kankan lára rẹ̀ kó tó pariwo?"

"Kò wò ó rárá, sà. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá fi ọlọ́pàá sẹ́nu géètì, kí wọ́n sọ fún un pé ẹni tó bá ti wé gèlè, olè ni."

"Kí ló dé tí wọ́n ní kó o ṣe é?"

"Wọ́n ní owó tí àwọn èèyàn ń san fún Àǹtí lásìkò ọ̀dá yìí, owó tó yẹ kó wọlé sọ́dọ̀ àwọn ni."

"Ìwọ lo wá kọ ọ́," ni Ìyá Ìjọ wí. "Ìwọ tó o jẹ ẹ̀bà nínú ilé yìí."

"Èmi ni, mà. Mo jẹ̀bi. Mortgage, gbèsè ilé, ń bẹ lọ́rùn mi, layoff sì wà níbi gbogbo."

"A ò bi ẹ́ ní ti mortgage."

Ẹni tó ti ń kọ software tipẹ́ mọ ohun tí ọkùnrin yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ. Ohun tí àwọn olùwádìí ìjọba ń fi ọwọ́ táátáá wá nínú òkìtì ìwé, ó ti gbé e kalẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì mi, lójú ẹlẹ́rìí méjì. Mo rí i pé Ìyá Ìjọ ti fẹ́ kúnlẹ̀ bá a bẹ̀ mí, mo sì yára dá a dúró.

"Mo ti gbọ́," mo ní. "Mo dárí jì ẹ́."

Alhaji gbàdúrà, Ìyá Ìjọ fi tirẹ̀ kún un, gbogbo wa ṣe àmín. Ojú àbúrò mi ti wálẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ ṣé gan-an ni, Àǹtí. So, ṣé ẹ máa pe àwọn ìjọba yẹn lọ́jọ́ Monday, kẹ́ ẹ bá wa fa ẹ̀sùn náà padà?"

"Ẹ̀sùn ta ni?"

"Ti ilé-iṣẹ́ wa."

"Ìwọ lo ṣẹ̀ mí, ìwọ lo dọ̀bálẹ̀, ìwọ ni mo dárí jì. Ilé-iṣẹ́ yín kò dọ̀bálẹ̀ fún mi."

Alhaji rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣí fìlà. "Òótọ́ ni," ó ní. "Ilé-iṣẹ́ kò bá wa wá. Ẹni tí kò wá, a kì í bá a bẹ̀."

"Ọsàn náà ńkọ́?" ni Ìyá Ìjọ bèèrè. Ó ti mú ọ̀kan.

"Ọsàn ẹ̀bẹ̀ ni," mo ní. "A sì ti gba ẹ̀bẹ̀. Ẹ jẹ ẹ́."

Ní Monday, mo pe olùwádìí náà, mo sọ ohun gbogbo tí mo gbọ́ fún un. Àwọn lọ́yà Ilé-iṣẹ́ Ńlá kò jáfara. Wọ́n ní àṣà wa ni, pé ọ̀dọ́ wa máa ń sọ pé òun jẹ̀bi fún àgbà láti fi bọ̀wọ̀ fún un, pé kò túmọ̀ sí nǹkan kan. Ìdajì ọ̀rọ̀ wọn jóòótọ́, ìyẹn ló sì jẹ́ kó bí mi nínú. Àwọn olùwádìí lọ bá Alhaji lọ́tọ̀, wọ́n lọ bá Ìyá Ìjọ lọ́tọ̀. Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì sọ. Ìyá Ìjọ wá ròyìn fún mi lẹ́yìn náà.

"Mo sọ fún ọmọ òyìnbó yẹn pé lóòótọ́, ọmọ wa lè ní òun jẹ̀bi láti fi tu àgbà nínú. Ṣùgbọ́n tó bá ti sọ ọ́ tán, á dákẹ́. Ẹni tí kò rọ kọ́kọ́rọ́, ṣé ó lè máa ṣàlàyé bí eyín kọ́kọ́rọ́ náà ṣe rí?"

Àwọn olùwádìí ti wá mọ ohun tí wọ́n máa bèèrè. Wọn kò bèèrè ètò ààbò mọ́. Wọ́n ní kí Ilé-iṣẹ́ Ńlá ṣí ibi tí update wọn ti ń wá orúkọ. Wọ́n ṣí i. Orúkọ software mi jókòó síbẹ̀ kedere, pẹ̀lú orúkọ tí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ mi tí n kò mọ̀ rí ní ìlú mìíràn fún software tiwọn. Nígbà tí wọ́n pe àbúrò mi, ó sọ òtítọ́. Ìyẹn nìkan ni mo fi yìn ín, n kò sì ní yìn ín jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ẹjọ́ tó dé iwájú adájọ́, Ilé-iṣẹ́ Ńlá juwọ́ sílẹ̀. Wọ́n gbà láti yọ ìkìlọ̀ pupa kúrò, kí wọ́n sì sọ fún gbogbo oníbàárà pé kò ní ìdí kankan. Ìwé tí wọ́n fi ń de àwọn èèyàn mọ́lẹ̀ pé tiwọn nìkan ni kí wọ́n lò, wọ́n fà á ya. Wọ́n gbà pé ẹnu ọ̀nà yóò ṣí fún gbogbo software bákan náà. Bí wọ́n bá sì fẹ́ ṣe update tó kan ẹnu ọ̀nà náà, àwa tí a wà lóde ni a ó kọ́kọ́ dán an wò, kí wọ́n tó lè gbé e jáde.

Mo lọ sí ọgbà òyìnbó ọlọ́kọ̀ omi yẹn lọ́jọ́ tí ìkìlọ̀ kúrò. Ó ṣí software mi, ojú kọ̀ǹpútà mọ́ roro, àwọn ọkọ̀ rẹ̀ to ara wọn sí ìdí kànga wọn. Ó wò ó, ó wò mí.

"I should have known, ma'am," ó ní.

"Yes," mo dá a lóhùn.

Àwọn oníbàárà padà wá, wọ́n mú àwọn mìíràn dání. Obìnrin tó ní mo fẹ́ fi abẹ́rẹ́ pa erin bèèrè bóyá mo lè fún ọmọ òun níṣẹ́. Mo ní kó lọ bi erin léèrè. Ọ̀gá tó ní kí n máa sinmi, wọ́n dá òun náà dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ó dá ilé-iṣẹ́ kékeré kan sílẹ̀, software mi ló sì ń lò. N kò fún un ní ẹ̀dínwó.

Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mọ́ mi jù lọ ni update àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi láti dán wò. Ẹnu ọ̀nà ṣí lóòótọ́, àmọ́ software tiwọn ń yára wọlé, tèmi ń fẹsẹ̀ wọ́ nílẹ̀. Mo kọ̀ ọ́. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n dá a padà. Ọ̀gá àgbà wọn pè mí lórí fídíò, àbúrò mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá náà rọra bèèrè bóyá mo lè wò ó kíákíá, torí gbogbo oníbàárà wọn ló ń dúró dè é.

Mo ní n ó wò ó tí mo bá jẹun tán.

Mo gòkè lọ sí kíṣìnì, mo bu ìrẹsì, mo jókòó. Ọmọbìnrin mi bèèrè ẹni tí mo ń bá sọ̀rọ̀ nísàlẹ̀. Mo sọ fún un.

"Mummy, the whole company is waiting for you?"

"Bá mi bu ẹran kan sí i," mo ní.

Lẹ́yìn oúnjẹ, mo sọ̀ kalẹ̀, mo sì dán an wò. Ó kù díẹ̀ káàtó, mo tún kọ̀ ọ́. Ìgbà tí wọ́n tún un ṣe tó wá dọ́gba délẹ̀délẹ̀, tí tèmi ń wọlé bí tiwọn ṣe ń wọlé, mo na ìka sí ibi tí mo máa tẹ̀ pé mo gbà. N kò kánjú tẹ̀ ẹ́.